Ọjọ́ Tí Mo Kúnlẹ̀ Kí Àbùùbùtán

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà" ló gbé mi dé inú òkun. Ẹni tí wọ́n bá bí sí Èrìò ní ilẹ̀ Èkìtì, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ tíṣà, yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, "bẹ́ẹ̀ ni, mà" ni ọmọ tí a kọ́ ń dáhùn, ì báà jẹ́ pé ohun tí àgbà náà ń sọ kò lè ṣẹ títí ayé. Kì í ṣe irọ́, ọ̀wọ̀ ni. Èmi kò mọ̀ pé ibì kan wà láyé tí wọ́n ti ń gba irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ní àdéhùn, tí wọ́n á sì lọ háyà odindi ọkọ̀ ojú omi lé e lórí.

Màmá Bẹ́tì ni mo wí i fún. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi mí tì. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti bá a jà lẹ́ẹ̀kan, ó sì mú ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ náà le gan-an bí igi, kò ṣeé ká. Ó ní kí n máa pe òun ní Bẹ́tì lásán. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú balùwẹ̀ níbi tí kò ti sẹ́ni tó ń gbọ́ mi, ẹnu mi kò gbà á. Màmá Bẹ́tì ni a jọ parí ìjà sí.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé rẹ̀, ó jókòó sórí àga nítòsí ẹnu ọ̀nà. Mo gbé báàgì mi kalẹ̀, mo fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà," lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ojú ìyá náà yí padà. Ó rò pé òòyì ló kọ́ mi tí mo fi ṣubú. Ó ní bọ́tìnnì pupa kan tó so mọ́ ọrùn, èyí tó fi ń pe ìrànlọ́wọ́ bí òun fúnra rẹ̀ bá ṣubú, ó sì tẹ̀ ẹ́ nítorí mi. Kí n tó dìde, ohùn obìnrin kan ti ń jáde láti inú ẹ̀rọ tó wà lára ògiri, ó ń bèèrè ẹni tó ṣubú. Màmá Bẹ́tì dá a lóhùn pé, "Ẹni tí ẹ rán wá tọ́jú mi ni."

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ nílẹ̀ yìí.

Ohun tó kọ́kọ́ dùn mí níbí kì í ṣe òtútù, àìkíra-ẹni ni. Ní Èrìò, láti ilé wa dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo lè kí ogún èèyàn: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn. Ẹni tó ń fọ aṣọ ní ìkíni tirẹ̀, ẹni tó jókòó lásán náà kò gbẹ́yìn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì níbí, mo kí gbogbo èrò inú rẹ̀ káàárọ̀. Ọkùnrin kan yọ nǹkan kúrò létí, ó wò mí bóyá mo fẹ́ tọrọ nǹkan ni, ó sì tún un kì bọ etí. Kò sẹ́ni tó bú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kẹta tí mo dé, mo rí i pé mo lè jí, kí n ṣiṣẹ́, kí n sì sùn, láìkí ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí arúgbó kan ṣoṣo. Mò ń fọ abọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ó yé mi bẹ́ẹ̀. Mo sọkún, n kò sì mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ẹkún náà fún Màmá Bẹ́tì.

Màámi nìkan ló kù tí mò ń kí bó ṣe yẹ. Bí aago mẹ́ta ọ̀sán bá lù níbí, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n á ti gbá àyíká ilé, wọ́n á ti mu ẹ̀kọ. Tíṣà ni wọ́n ní Aràmọ̀kọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n sì kọ́ èmi náà nínú kíláàsì wọn láìfojú ọmọ wò mí. Títí di òní, wọ́n máa ń dá èèyàn dúró lórí fóònù láti tún gírámà rẹ̀ ṣe. Ìlérí kan péré ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi nígbà tí mò ń lọ.

"Mo gbọ́ pé òkun ló yí ulú yẹn po," ni wọ́n wí, lóhùn Èkìtì wa tó ń pe ìlú ní ulú, tó ń pe ilé ní ulé. "Ọmọ mi, má fẹsẹ̀ kàn án. A kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò, áḿbọ̀sì òkun. Ṣé o gbọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Àwọn fúnra wọn kò rí òkun rí. Omi tí àwa mọ̀ ni omi Ìkògòsì tó wà nítòsí wa, tó gbóná níhà kan, tó tutù níhà kejì, tí gbogbo ayé ń wá wò. Àlejò máa ń rò pé ọmọ agbègbè wa mọ omi í wẹ̀. Taa ló fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tí kò mu èèyàn dé orúnkún?

*

Ọ̀sán ọjọ́ kan ní oṣù kẹrin ọdún yìí ni Màmá Bẹ́tì sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún mi. A jọ ń mu tíì. Ó ní ọkọ̀ tó ń pa àbùùbùtán, ẹja ràbàtà inú òkun, ni bàbá òun ti ṣiṣẹ́ nígbà tí òun wà ní kékeré, pé iṣẹ́ tó wà nílùú àwọn nígbà náà nìyẹn. Wọ́n á wọ́ ẹja náà gun èbúté, wọ́n á gé e, wọ́n á sè é fún òróró. Ó ní òórùn rẹ̀ wọ inú búrẹ́dì táwọn ń jẹ. Òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n òun á dúró létí ògiri, wọ́n á máa ka ẹja, inú wọn á máa dùn, torí bàtà Kérésìmesì ń bọ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìjọba fòfin de iṣẹ́ náà.

"Nígbà tí bàbá mi darúgbó," ni ó wí, "ó sọ ohun kan fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, 'Wọ́n máa ń wò wá lójú, Bẹ́tì.' Kò tún sọ ọ́ mọ́."

Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní kí òun tó kú, òun fẹ́ wọ inú òkun lọ bá ọ̀kan nínú wọn, kí òun náà wò ó lójú, kí òun tọrọ àforíjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò mọ bí a ti í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹja. Ó ní ẹsẹ̀ yìí kò lè jẹ́ kí òun dá lọ.

"Ṣé wàá bá mi wọ inú omi?"

Bí ìyá àgbà kan bá sọ fún ọ ní Èrìò pé òun fẹ́ gun ẹṣin lọ sí Jerúsálẹ́mù, kí lo máa sọ? Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Mo sì bu tíì sí i fún un.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó fi ìwé kan hàn mí. Ó ti gba ọkọ̀ fún oṣù kẹsàn-án, nígbà tí àwọn àbùùbùtán máa ń kọjá létí òkun wa padà sí ibi òtútù wọn. Orúkọ méjì ló wà nínú ìwé náà, orúkọ mi ni ìkejì. Dókítà rẹ̀ ti fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó ti sọ fún un láìfọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀ pé kó má retí kí ara gbà á lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹyin lohùn, tèmi ti bọ́, ó sì ti fọ́ sórí bébà. Mo ti fún ìyá méjì ní "bẹ́ẹ̀ ni, mà," ọ̀kan ní kí n má wọ òkun, ọ̀kan ní kí n wọ̀ ọ́.

Mo lọ kọ́ ìwẹ̀ omi. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan wà láàárín ìlú tó jẹ́ pé àwọn ìyá tó ti fẹ̀yìn tì ló ń kún ibẹ̀ láràárọ̀. Ọjọ́ kìíní, mo di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú fún odindi wákàtí kan, olùkọ́ wa, tí ǹ bá ti bí ká ní mo tètè lọ́kọ, ń bẹ̀ mí bí ẹni ń bẹ ìyàwó tuntun. Oṣù méjì ni mo fi mu omi oníkẹ́míkà. Mo binú sí omi, mo binú sí Màmá Bẹ́tì, mo binú sí ilé ẹ̀kọ́ wa tó kọ́ wa ní orúkọ gbogbo odò Áfíríkà láìkọ́ wa bí a ó ṣe wọ ọ̀kan nínú wọn. Àárọ̀ ọjọ́ kan, mo dùbúlẹ̀ sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe, mo jẹ́ kí etí mi rì, mo ń wo àjà, mo sì rí i pé kò sẹ́ni tó dì mí mú. Omi ló gbé mi. Àwọn ìyá náà pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ó wù mí kí n sọ ọ́ fún Màámi lọ́sàn-án ọjọ́ náà ju ohunkóhun lọ. Wọ́n ní, "Uṣẹ́ ńkọ́?" Mo ní, "Ó ń lọ dáadáa, mà." A sọ̀rọ̀ òjò, a sọ̀rọ̀ kòkó. Inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo pa fóònù náà.

*

Ọjọ́ pé. Ọkọ̀ náà kò tóbi ju bọ́ọ̀sì lọ, àwa mẹ́rin péré la sì wà nínú rẹ̀: awakọ̀, tó jẹ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀; Tẹ́sì, tó jẹ́ ọmọbìnrin tó ń darí àwọn tó bá wọ omi; Màmá Bẹ́tì; àti èmi, nínú aṣọ rọ́bà dúdú tó fún mi mọ́ra débi pé mo dúpẹ́ pé kò sí ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kankan nítòsí. Òkè Ẹ̀fọ̀n ló ti ń dá ojú mi dúró láti kékeré. Lọ́jọ́ náà, kò sí ohunkóhun níwájú tó lè dá ojú dúró. Mo di bẹ́ǹṣì mú.

Tẹ́sì ka òfin fún wa. A kò gbọdọ̀ lé ẹja náà, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. A ó na ara wa gbọọrọ lójú omi, a ó dojú kọ ìsàlẹ̀, a ó sì dúró jẹ́ẹ́. Bí ohunkóhun bá ṣe ẹnikẹ́ni, òun yóò na ọwọ́ sókè, gbogbo wa yóò sì padà sínú ọkọ̀, kò sí àríyànjiyàn. Awakọ̀ wá kọjú sí mi.

"Apá òsì rẹ̀ ni wàá wà. Bí o kò bá wọ omi, òun náà kò ní wọ̀ ọ́."

Màmá Bẹ́tì kò wò mí. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan.

Àwọn ẹja kan tí wọ́n ń pè ní dọ́fìnì ló kọ́kọ́ wá pàdé wa. Wọ́n tó méjìlá, wọ́n sáré bọ̀ bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lu agogo ìparí fún, wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń gba abẹ́ ọkọ̀ já sí òdì kejì. Ibẹ̀ la ti kọ́kọ́ wọ omi láti dán ara wa wò. Mo di Màmá Bẹ́tì lọ́wọ́ mú, mo sì ki orí bọ omi. Mo gbọ́ ohùn wọn, wọ́n ń súfèé, wọ́n ń ta ẹnu pọ́ọ́pọ́ọ́. Ọ̀kan yí ikùn sókè lábẹ́ wa gan-an, ó ń wò wá bó ti ń kọjá. Ẹ̀rín pa mí nínú ọ̀pá oníhò tí mo fi sẹ́nu láti máa mí. Ẹ̀rù tí mo ti ń gbé kiri láti oṣù kẹrin bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, awakọ̀ dédé pa ẹ̀rọ. Ó na ìka. Nǹkan kan tu omi sókè bí èéfín, ó sì mí. Mo gbọ́ èémí náà láti ibi tí mo jókòó sí.

Nínú kíláàsì Màámi, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n kọ́ wa nípa àbùùbùtán, ẹja tí a bù, bù, tí kò tán. Orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n yà, ó sì gba gbogbo pátákó. Wọ́n nawọ́ gba ojú fèrèsé, wọ́n ní, "Ìrù rẹ̀ wà lọ́hùn-ún, ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà." Gbogbo wa yí ọrùn wò. A ń wo pápá, a ń wo igi máńgòrò tó wà láàárín rẹ̀, a ń fi ojú inú wá ìrù ẹja.

A wọ omi. Tẹ́sì wà lọ́tùn-ún, èmi lósì, Màmá Bẹ́tì láàárín. Búlúù ni gbogbo ìsàlẹ̀, oòrùn ń gún un bí abẹ́rẹ́. Mo rò pé ìsàlẹ̀ òkun ló ń gbéra ńlẹ̀. Kò sí ìró kankan. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń gùn sí i, apá rẹ̀ méjèèjì funfun, wọ́n nà gbọọrọ. Àpá wà lára rẹ̀, ìkarahun sì lẹ̀ mọ́ àgbọ̀n rẹ̀. Mo ń wá ibi tí yóò parí sí, n kò rí i. Lẹ́yìn náà, ó yí ẹ̀gbẹ́ sí wa, mo rí ojú rẹ̀. Ojú kan tó tó ọsàn ńlá. Kì í ṣe ojú ẹja rárá, ojú ẹni tó ti pẹ́ láyé ni, ó sì ń wò mí.

Eékún mi tẹ̀.

Èmi kọ́ ni mo sọ fún wọn pé kí wọ́n tẹ̀. Ó ti lé lọ́dún méjì tí wọ́n kò ti kúnlẹ̀, wọ́n rí àgbà, wọ́n sì kí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kúnlẹ̀ nínú òkun kò ní ilẹ̀ tí yóò gbà á. Ara mi nàró, bàtà rọ́bà gígùn ẹsẹ̀ mi fà mí wálẹ̀, omi iyọ̀ wọ ọ̀pá náà, mo húkọ́. Tẹ́sì rò pé iṣan ló fà mí. Ó na ọwọ́ sókè.

Kí n tó lè sọ ohunkóhun, wọ́n ti fà wá sínú ọkọ̀. Àbùùbùtán náà gbé ìrù sókè lẹ́ẹ̀kan, ó sì wọlẹ̀ lọ. Màmá Bẹ́tì kò tíì rí ojú rẹ̀, ibi tó wà, orí ẹja náà nìkan ló rí.

N kò lè wo ìyá náà lójú. Ohun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ retí ni mo fi ìkíni mi bà jẹ́. Tẹ́sì ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀ mi, ó ń bèèrè ibi tó ń dùn mí. Mo ní kò síbi tó ń dùn mí. Awakọ̀ wo aago.

"Dúró ná," ni Màmá Bẹ́tì wí. "Ohun tó ṣe lẹ́nu ọ̀nà mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló tún ṣe yẹn. Mo rí i." Ó kọjú sí mi. "Ṣé o kúnlẹ̀ fún un ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà. Àgbà ni mo rí. Lọ́dọ̀ wa, a kì í rí àgbà ká nàró."

"Ìkíni ni, èmi sì lọ tẹ bọ́tìnnì lọ́jọ́ náà." Ó fún omi inú irun rẹ̀ dànù. "Bí èèyàn bá sì ṣẹ àgbà lọ́dọ̀ yín ńkọ́? Kí lẹ máa ń ṣe?"

"Ohun kan náà ni, mà. Ìkúnlẹ̀ tí a fi ń kí wọn náà la fi ń bẹ̀ wọ́n."

Ó mi orí. Ó wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó nà gbalaja síwájú rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ó wá sọ fún awakọ̀ pé òun ti gba ọkọ̀ yìí dọjọ́ rọ̀, pé kò sí ohun tó ń ṣe ọmọ òun, kó dúró.

A dúró. A jẹ búrẹ́dì, a wo omi. Mo gbàdúrà lédè Èkìtì, mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìtìjú yìí bá mi délé. Oòrùn ti ń yí sí ìwọ̀-oòrùn kí a tó gbọ́ èémí náà lẹ́ẹ̀kan sí i, nítòsí gan-an lọ́tẹ̀ yìí.

Kí a tó wọ omi, mo sọ fún Tẹ́sì ohun tí a fẹ́ ṣe. Ó wò wá, ó ní òun yóò gbá Màmá Bẹ́tì mú lẹ́yìn kó má bàa rì. Mo mú apá òsì rẹ̀. Ẹja náà ti wà níbẹ̀. Ó ń kọrin, mo gbọ́ orin náà nínú àyà mi kí n tó fi etí gbọ́ ọ. Ó gòkè wá sọ́dọ̀ wa bí ẹni tí kò kánjú, ó dúró, ó sì yí ojú rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Màmá Bẹ́tì.

Mo rọra tẹ eékún mi kí Màmá Bẹ́tì lè rí bí wọ́n ti ń ṣe é. Ó wò mí, ó sì tẹ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ká. Lẹ́yìn náà ni mo rí ẹsẹ̀ òsì yẹn, ẹsẹ̀ tí mo ti ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, tí kò ká rí lójú mi. Ó ká. Omi gbé e, ó sì ká. Ìyá arúgbó náà kúnlẹ̀ nínú òkun níwájú ẹja tí bàbá rẹ̀ ti ń pa, kò sì sẹ́nì kan nínú wa tó mí.

N kò mọ bó ti pẹ́ tó. Ojú náà kò kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹja náà rẹ apá rẹ̀ funfun sílẹ̀, ó kọjá lábẹ́ wa láti orí dé ìrù, ó sì lọ.

Nínú ọkọ̀, Màmá Bẹ́tì sọkún dáadáa. Mo fi táwẹ́lì wé e. Ó ní, "Ṣé o rò pé ó gbà?"

"N kò mọ̀, mà," ni mo wí. "Àgbà kì í dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn wà lórí eékún díẹ̀ ná."

Ó ní òun ní sùúrù.

*

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí aago mẹ́ta lù, mo pe Màámi. Mo kí wọn tán, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́: ìlérí tí mo dà, adágún ìlúwẹ̀ẹ́, àwọn dọ́fìnì, Màmá Bẹ́tì, ojú tó wò mí. Wọn kò dá mi dúró lẹ́ẹ̀kan láti tún gírámà mi ṣe. Nígbà tí mo sọ tán, mo ń gbọ́ àkùkọ kan lẹ́yìn ilé wa ní Èrìò, mo sì ń dúró de ìbínú wọn.

"Ìrù rẹ̀ ńkọ́?" ni wọ́n wí nígbà tó pẹ́. "Ṣé ó dé ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà?"

Ó kù díẹ̀ kí n ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo gbé e mì.

"Rárá, mà. Ìdí igi máńgòrò ló mọ."

"Ìdí máńgòrò náà jìnnà." Mo gbọ́ tí wọ́n ń lé àkùkọ náà. "O dalẹ̀ mi o. A máa sọ ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn. Ṣé o kí i?"

"Mo kí i, mà."

"Lórí eékún?"

"Lórí eékún méjèèjì, mà."

Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀.

"Ó dáa," ni Màámi wí. "Á ti mọ̀ pé o ní ulé."